Ọ̀gá Àgbègbè Tí Ó Fẹ́ Kọ́ Ẹyẹ Ní Ìmọ́tótó

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó gbéra ńlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan sọ́kàn: ẹyẹ kì í ka ìwé, ẹyẹ kì í sì í mọ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá. Bí ó bá ṣe pé ẹyẹ lè ka lẹ́tà tí a lu òǹtẹ̀ mẹ́ta ni, Syahrian Adiwangsa ìbá ṣì jókòó lórí àga rẹ̀ ní ọ́fíìsì Muara Sampirang títí di òní, Ìyá Hafizah kì bá sì ti sunkún lórí àtẹ̀gùn ilé ẹyẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyẹ kò kàwé. Imú ni ó fi ń mọ ilé, etí ni ó fi ń mọ ẹbí.

Syahrian ni Ọ̀gá Àgbègbè. Àlejò tí kò bá mọ̀ ọ́n rí yóò mọ̀ ọ́n kí ọkọ̀ rẹ̀ tó gúnlẹ̀, nítorí àwòrán ojú ọ̀gá ń bẹ ní èbúté, ó ń bẹ lára ògiri ilé ìwòsàn, ó ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà ọjà ẹja, ó sì ń bẹ lára ilé ìyàgbẹ́ onípákó tí ó léfòó létí odò, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: "Ọ̀gá Àgbègbè ń kí yín, ó sì wà pẹ̀lú yín nígbà gbogbo." Àwọn arúgbó kan ti dẹ́kun lílọ síbẹ̀. Wọ́n ní kò ṣeé ṣe bí ọ̀gá bá ti ń wo àwọn bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé rẹ̀ ń jẹ́ Kaspul. Iṣẹ́ méjì ni Kaspul ń ṣe: ó ń kọ gbogbo ohun tí ọ̀gá bá sọ sílẹ̀, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ àtẹ́wọ́. Bí ọ̀gá bá wúkọ́, Kaspul á kọ ọ́ pé, "Ọ̀gá dánu dúró, ó ronú." Bí ọ̀gá bá sín, Kaspul á ní, "Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ yẹn!" Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ṣèèṣì pe Ọjọ́rú ní Ọjọ́ Jímọ̀, Kaspul ló kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá, tí ó sì forí lé mọ́ṣáláṣí. Ó dé ibẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni, ó sì kírun tirẹ̀, torí kò fẹ́ kí ọ̀gá jẹ́ onírọ́.

Ní ti Ìyá Hafizah, Masriah lorúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀yìn ọjà ẹja ni ilé rẹ̀ wà. Òun ń gbé ìsàlẹ̀. Lókè, nínú àjà mẹ́ta oní-sìmẹ́ńtì tí kò ní fèrèsé rárá àfi ihò kan ṣoṣo ní apá òkè, ni àwọn alápàǹdẹ̀dẹ̀ ń gbé. Ẹyẹ kékeré ni, dúdú, itọ́ ẹnu rẹ̀ ni ó sì ń fi mọ ìtẹ́ sára àwọn pákó tí a kàn mọ́ àjà. Àwọn ará Ṣáínà ń fi ìtẹ́ náà se ọbẹ̀, wọn kì í sì í yọwó rẹ̀ jù. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ ilé yìí. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi tẹ́tí sílẹ̀ kí ẹyẹ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ọkọ náà kú ní ọdún kẹta.

Ìtẹ́ yìí ni Hafizah, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí, fi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú ńlá Banjarmasin. Bí ẹyẹ bá lọ, Hafizah á padà wálé wá máa gé orí ẹja. Kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀. Òun ni ó ń bá jí láàárọ̀, òun ni ó ń bá sùn.

Ní ọdún tí à ń wí yìí, ó ṣàkíyèsí pé àwọn ẹyẹ ọ̀dọ́ ń jà sí igun. Alápàǹdẹ̀dẹ̀ fẹ́ràn igun. Ibi tí pákó bá ti pàdé pákó ni ìtẹ́ ti ń dì mú gbọnyin. Ó bá gé igi pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta, ó kàn wọ́n mọ́ àárín àwọn pákó gígùn kí igun lè pọ̀ sí i. Ó fi eyín ayùn họ ojú pákó tuntun kí èékánná ẹyẹ lè rí nǹkan dì mú. Ó po ìgbẹ́ ẹyẹ mọ́ omi, ó fi pa pákó lára kí òórùn igi tútù lè kúrò níbẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, ìtẹ́ tuntun mọ́kànlá!

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo ní ọjà ẹja. Ẹ̀yin náà mọ ọjà ẹja. Kí wọ́n tó pa ẹja tí ó rà tán, ọ̀rọ̀ ti dé ọ́fíìsì.

*

Ọ̀gá Àgbègbè dé pẹ̀lú ọkùnrin mọ́kànlá àti agbòjò méjì. Òjò kò rọ̀, oòrùn kò ràn. Agbòjò kan wà fún ọ̀gá, èkejì wà fún fìlà rẹ̀ bí ó bá fẹ́ bọ́ ọ.

"Ìyá Hafizah!" ó kígbe bí ẹni tí ó ń bá òdì kejì odò sọ̀rọ̀. "Mo gbọ́ pé o ń tún ibùgbé ẹyẹ ṣe!"

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Igun ni mo kàn ń fi kún un."

"Díẹ̀díẹ̀!" Ọ̀gá yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀tá ìlọsíwájú."

"Mo ti kọ ọ́, ọ̀gá. Mo tún fa ìlà sí i nídìí."

Wọ́n gun òkè. Òkùnkùn ibẹ̀ ṣú bí inú ìkòkò, ó sì tutù, omi kún inú àwọn agbada tí Ìyá Hafizah tò sílẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbẹ. Bàtà ọ̀gá, tí Kaspul ti fi apá ẹ̀wù ara rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, rì sínú ìgbẹ́ ẹyẹ dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ẹyẹ gbọ́ ìró àlejò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò káàkiri, wọ́n ń fi ẹnu ṣe tẹ-tẹ-tẹ-tẹ, bí wọ́n ti ń ṣe láti fi mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn.

Ọ̀gá dúró ṣinṣin. Ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ gbọ́," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Wọ́n mọ ẹni ńlá, ọ̀gá," ni Kaspul wí, òun náà sì pàtẹ́wọ́ tirẹ̀ kí ẹyẹ má baà ṣe jù ú lọ.

"Kí wá ni ń rùn báyìí?"

"Ìgbẹ́ wọn ni, ọ̀gá," Ìyá Hafizah dáhùn. "Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń sọ fún wọn pé ilé nìyí."

"Kò sí ẹ̀dá Ọlọ́run tí ó fẹ́ràn ìgbẹ́! Wọn ò tíì rí ohun tí ó sàn jù ni. Wò ó, ẹyẹ tí ó ń gbé inú òkùnkùn, kí ni ó máa rí fi ronú? Ẹyẹ tí ó ń sùn lórí pákó jákujàku, báwo ni ìwà rẹ̀ ṣe máa gún? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí òní, Alákòóso Àgbà ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò. Ilé yìí ni mo máa fi hàn án!"

Ibẹ̀ náà, nínú ìgbẹ́ náà, ni ó ti dá Ètò Àpapọ̀ fún Ìgbéga Ibùgbé, Ìmọ́tótó àti Ìwà Ọmọlúàbí Àwọn Ẹyẹ Àgbègbè Muara Sampirang sílẹ̀. Orúkọ náà gùn débi pé pẹ́ńsù Kaspul kán láàárín rẹ̀.

"Ọ̀gá," Ìyá Hafizah wí, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ we ìka, "ẹyẹ yìí, bí òórùn ilé bá yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lè má wálé mọ́ o."

"Ìyá Hafizah, ta ló kàwé nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"Ta ló ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé ẹyẹ lọ́dọọdún?"

"Ẹ̀yin náà ni, ọ̀gá."

"Èwo ló wá kù?"

Èyí tí ó kù ni àwọn ọmọ tí ó wà nínú ìtẹ́, tí ìyẹ́ wọn kò tíì gbó. Ó sọ ọ́. Ó ní kí ọ̀gá jọ̀wọ́ jẹ́ kí wọ́n fò ná. Ọ̀gá ronú títí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé àwọn ọmọ ẹyẹ ti pẹ́ jù, ó sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kaspul kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Ọ̀gá ṣàánú ọmọdé."

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, àràárọ̀ ni Ìyá Hafizah ń fi tọ́ọ̀ṣì kékeré tí ó fi aṣọ bò lójú ka àwọn ọmọ náà. Wọ́n ku mẹ́rìnlá. Wọ́n ku mẹ́fà. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́, ó ku ẹyọ kan, àbíkẹ́yìn tí ó ń gbọn apá lójú ìtẹ́ tí kò sì fẹ́ fò. Obìnrin náà dúró sábẹ́ rẹ̀ láti òwúrọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni tí ó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Fò. Àwọn ọkùnrin yẹn ń bọ̀." Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó fò.

Àwọn òṣìṣẹ́ wọlé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n tú gbogbo pákó àtijọ́, wọ́n sì kan tuntun tí wọ́n ti fá tí ó ń dán bíi dígí. Wọ́n kun ògiri ní funfun. Wọ́n fi iná ogójì sí i. Wọ́n fọ́n lọ́fíńdà òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ káàkiri títí ọkọ̀ọ̀kan wọn fi ń sín. Gbogbo igun ni wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́, láti orí ení títí dé ọ̀rìnlénígba, kí ẹyẹ lè mọ yàrá rẹ̀. Lẹ́nu ihò tí wọ́n ń gbà wọlé, ọ̀gá ní kí wọ́n kọ ọ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yàgbẹ́ síhìn-ín."

Ó ku ohùn. Nínú ilé ẹyẹ, ẹ̀rọ kékeré kan ń bẹ tí ó máa ń ké bí alápàǹdẹ̀dẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, kí àwọn tí ó wà lójú ọ̀run lè gbọ́ pé àwọn ẹbí wọn wà nílé. Ọ̀gá tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú kan.

"Ariwo lásán. Kò ní ìtumọ̀."

Ó yọ ọ́, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyànjú ogójì ìṣẹ́jú ni, bí ó bá sì parí, á tún bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ẹyẹ ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ọmọ àgbègbè wa tí ẹ ní ìyẹ́, ẹ jẹ́ kí a para pọ̀, kí a fi itọ́ wa gbé ìlú wa ga..."

Ìyá Hafizah bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó àwọn pákó àtijọ́ pamọ́ sí ilé ìdáná òun. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní wọn yóò kó wọn lọ sí àjà gbọ̀ngàn ìlú tuntun, níbi tí òun fẹ́ ṣí Ilé Ìpàtẹ Ìwà Àìlajú sí.

"Kaspul! Kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Mo fẹ́ kí àwọn àlejò rí bí nǹkan ṣe burú tó kí n tó dé."

"Gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, ọ̀gá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá fẹ́ ba ọ̀gá kan jẹ́, ẹ má wá ọ̀tá fún un. Ẹ wá ẹni tí ó máa ṣe ohun tí ó bá sọ gan-an fún un. Kaspul gun àjà gbọ̀ngàn. Ó kan pákó kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí ó yẹ kí ó wà, pẹ̀lú gbogbo igun onígun mẹ́ta Ìyá Hafizah. Ó kó àpò ìgbẹ́ mẹ́sàn-án lọ síbẹ̀, ó tú u sílẹ̀. Ó gbé agbada omi síbẹ̀, ó pọn omi kún un. Lákòótán, ó gbé ẹ̀rọ tí ń ké síbẹ̀, ó sì tàn án, nítorí pé ó ń ké kí wọ́n tó yọ ọ́. Ní ti fèrèsé òkè gbọ̀ngàn náà, kò ní gíláàsì, ihò tí a ń gbà gun àjà láti inú gbọ̀ngàn sì wà ní ṣíṣí. Àna ọ̀gá ni ó gba iṣẹ́ gíláàsì, ẹnikẹ́ni kò sì ní fẹ́ da àna ọ̀gá láàmú.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́, àwọn ẹyẹ ti oko wọn dé láti orí irà. Wọ́n yí ilé Ìyá Hafizah ká. Mẹ́wàá wọlé, mẹ́wàá jáde. "...kí a fi itọ́ wa gbé ìlú wa ga..." ni ọ̀gá ń wí lókè. Wọ́n tún yí i ká, wọ́n ń wá ilé tí ó wà níbẹ̀ láàárọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ìdajì ni ó dé. Ní ìrọ̀lẹ́ karùn-ún, kò sí ẹyọ kan. Ìyá Hafizah jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn ún, ó sì sunkún níwọ̀nba, torí ó gbọ́ tí fóònù ń dún.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ọmọ mi."

"Kí lẹ jẹ?"

"Ìrẹsì pẹ̀lú ẹja gbígbẹ." Kò tíì jẹ nǹkan kan.

"Àwọn ẹyẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà." Ó nu imú. "Òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ ló wà nínú ilé, ló jẹ́ kí imú mi máa ṣe báyìí. Ìwé ni kó o máa kà, Hafizah. Máa kàwé rẹ."

Àwọn ẹyẹ wà lóòótọ́. Kaspul gbọ́ ariwo wọn ní àjà gbọ̀ngàn, ó sì rò pé eku ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti kéde ní oṣù tí ó kọjá pé eku ti tán ní gbogbo àgbègbè. Látìgbà náà, Kaspul kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

*

Alákòóso Àgbà dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi funfun. Ìyáàfin Norlaila ni, obìnrin kékeré tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ ní ìlú méjì kí ó tó dé ibí, tí ẹsẹ̀ sì ń ro ó. Wọ́n mú un gun ilé ẹyẹ. Ó dúró láàárín iná ogójì, ó ń ṣẹ́jú.

"Ẹ̀yin ẹyẹ ọ̀wọ́n," ni ògiri wí.

"Ó dán gan-an," ìyáàfin wí. "Àwọn ẹyẹ dà?"

Kaspul bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wò ó, Kaspul sì dáwọ́ dúró.

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́, ìyáàfin!" ni ọ̀gá dáhùn. "Ẹyẹ tí a ti là lọ́yẹ̀ ni wọ́n, wọn kì í jókòó sílé lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń dé."

Ó ti ṣírò rẹ̀ pé ìyáàfin á ti wọkọ̀ lọ kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Ìyáàfin wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ti wú, ó rò ó wò.

"Ó dáa. Màá dúró dè wọ́n."

Ojú ọ̀gá ṣú díẹ̀. Ó wá rántí pé òun ní ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ojú ìwé mọ́kànlélógójì, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Kò sí ohun tí ọ̀rọ̀ kò lè bò mọ́lẹ̀ bí ó bá gùn tó.

Gbogbo wọn wọ gbọ̀ngàn. Wọ́n ti gbé ìrẹsì aláwọ̀ ìyeyè síwájú, wọ́n mọ ọ́n ga bí òkè, pẹ̀lú ẹyin àti adìyẹ yí i ká. Ìyáàfin ni yóò gé ṣóńṣó orí rẹ̀ bí ọ̀gá bá parí ọ̀rọ̀. Ọ̀gá kí àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ó kí àwọn tí kò lè wá. Ó kí àwọn tí wọ́n ìbá wá bí wọ́n bá wà láàyè. Ebi pa àwọn ènìyàn títí ikùn wọn fi ń dáhùn. Ó dé ojú ìwé kọkàndínlógún nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n sì tan iná.

Ìyá Hafizah wà nílé rẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn obìnrin ọjà ẹja ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìyá Hafizah! Jáde wá! Àwọn èèyàn rẹ ń bọ̀ o!"

Ó sáré jáde. Láti orí irà ni wọ́n ti ń bọ̀, dúdú bí èéfín, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ọkàn rẹ̀ fò sókè. Wọ́n dé orí ilé rẹ̀. Wọn kò yà. Wọn kò tilẹ̀ fà sẹ́yìn. Wọ́n kọjá tààrà, wọ́n forí lé gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n sì ń wọ inú fèrèsé tí kò ní gíláàsì bí ìgbà tí a bá ń da ẹ̀wà sínú ìgò.

"Kí lẹ ń lọ síbẹ̀ fún?" ó kígbe sí wọn, ó bọ́ sálúbàtà sọ́wọ́, ó sì fi eré sí i.

Nínú gbọ̀ngàn, ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé, "Nítorí náà, ìmọ́tótó..." nígbà tí nǹkan kan bọ́ sórí ojú ìwé kọkàndínlógún, pì. Òmíràn bọ́ sórí fìlà rẹ̀. Òmíràn bọ́ sórí ṣóńṣó ìrẹsì. Lẹ́yìn náà, a kò lè kà á mọ́. Iná tí wọ́n tàn ti da ojú àwọn ẹyẹ rú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ń fò yí orí àwọn àlejò ká, wọ́n ń wá ihò tí wọ́n máa ń gbà gun àjà, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí ẹ̀rù ń ṣe fún ikùn.

Ọ̀gá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. "Ẹ̀yin ẹyẹ! Ní orúkọ àṣẹ tí ìjọba gbé lé mi lọ́wọ́! Ẹ padà sí yàrá yín kíá! Ẹ ní nọ́ńbà! Gbogbo yín lẹ ní nọ́ń..."

Ọ̀kan bọ́ sí i lẹ́nu.

Kaspul rí i pé ọ̀gá dánu dúró. Ohun tí ó ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà ni ó ṣe: ó dìde, ó pàtẹ́wọ́. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì dìde pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ kíkankíkan. Jìnnìjìnnì mú àwọn ẹyẹ lẹ́ẹ̀kejì, òjò náà sì di ìlọ́po.

"Ẹ pa iná!"

Gbogbo ojú yí sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Hafizah ló dúró níbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, sálúbàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ pa iná, mo ní! Ẹ yéé pàtẹ́wọ́! Ẹ jókòó, kí ẹ pa ẹnu yín dé! Ìwọ tó wà lábẹ́ tábìlì, ìwọ náà!"

Wọ́n pa iná. Gbogbo wọn jókòó, alákòóso, ọlọ́pàá, ìmáàmù, àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ bí kò ti dákẹ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i. Tẹ-tẹ-tẹ-tẹ, àwọn ẹyẹ rí ọ̀nà wọn nínú òkùnkùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gun àjà lọ. Ohùn ẹ̀rọ kékeré ń ké lókè.

"Ẹ̀rọ mi nìyẹn," Ìyá Hafizah wí. "Pákó mi ni wọ́n ń sùn lé."

Ohùn ìyáàfin dún nínú òkùnkùn. "Ta ló kó pákó síbẹ̀?"

"Èmi ni, ìyáàfin," ni Kaspul wí. "Àṣẹ ọ̀gá ni. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wà."

"Ìgbẹ́ náà ńkọ́?"

"Gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, ìyáàfin. Àpò mẹ́sàn-án."

Wọ́n dúró kí ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá ń wá ibi tí yóò tutọ́ sí.

"Ìyá," ìyáàfin tún wí, "ìwọ lo ni àwọn ẹyẹ yìí?"

"Ta ló lè ni ẹyẹ, ìyáàfin? Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n kàn ń gbé. Èmi ń ṣe ibi tí wọ́n fẹ́, wọ́n ń fi ìtẹ́ sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi sì fi ń kàwé. Òun náà nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé wọn ò ní fẹ́ ilé tó dán." Ó tẹ́tí sí òkè. "Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìtẹ́ níbí. Bí wọ́n bá yé ẹyin sí àjà yìí, ó parí fún mi."

Ìyáàfin Norlaila fi ìka yọ nǹkan kúrò lára ìborùn rẹ̀.

"Lẹ́tà á dé lọ́la," ó wí.

*

Lẹ́tà dé, òǹtẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lù ú. Wọ́n yọ Syahrian Adiwangsa kúrò lórí àga. Wọ́n fi í ṣe akọ̀wé kékeré ní ẹ̀ka tí ń rí sí pẹ́pẹ́yẹ, ní òkè odò lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, ohun tí ó fi àṣẹ bà jẹ́, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe. Kaspul ló ka lẹ́tà náà sókè. Nígbà tí ó kà á tán, ó yíjú sí ẹni tí wọ́n fi dípò ọ̀gá, ó sì pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, àwọn àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílẹ̀. Èyí tí ó wà ní ilé ìyàgbẹ́, àwọn arúgbó ni wọ́n fọwọ́ ara wọn yọ ọ́, wọn kò dúró de òṣìṣẹ́ kankan.

Syahrian dé ilé Ìyá Hafizah lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì nínú aṣọ iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n lọ̀ tí ó le gbagidi, àmì ẹ̀yẹ mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn rẹ̀. Ìyá Hafizah wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wọlé, ó mú ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú jáde, ó gbé e fún un pẹ̀lú korobá kan.

"Ẹ kọ́kọ́ yọ iná," ó wí.

Ó yọ ọ́. Nígbà tí àwọn ẹyẹ ti lọ sóko, àwọn obìnrin ọjà ẹja to ara wọn láti gbọ̀ngàn dé ilé, wọ́n ń gbé pákó fún ara wọn láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n sì ń fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó ti ń kọjá.

"Ọ̀gá, nọ́ńbà yàrá yín dà?"

"Ẹ bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìmọ́tótó o!"

Syahrian gbé pákó. Ó kàn án mọ́ àjà bí obìnrin náà ti ń júwe. Ó fi kànìnkànìn nu lọ́fíńdà kúrò. Ó ki ọwọ́ bọ ìgbẹ́ tí wọ́n fi omi pò, ó sì ń fi pa ògiri funfun náà lára, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi padà di àwọ̀ ilẹ̀. Nígbà tí ó pa ibì kan tí kò kan igun, Ìyá Hafizah nawọ́ sí i. Ó padà lọ, ó pa igun.

Nígbà tí oòrùn rẹlẹ̀, ẹ̀rọ kékeré ti ń ké lókè. Àwọn méjèèjì jókòó lórí àtẹ̀gùn lókè, nínú òkùnkùn ilé ẹyẹ. Ìyá Hafizah gbọ́ ìyẹ́ lóde, púpọ̀, wọ́n ń yí ilé ká. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n lọ. Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń ronú ohun tí yóò wí fún Hafizah bí fóònù bá dún.

Ẹyọ kan wọlé. Tẹ-tẹ-tẹ. Ó fò kọjá lójú wọn, ó kan pákó, ó jáde.

Kò sí ẹni tí ó mí.

Ó padà pẹ̀lú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dà wọlé bí omi, wọ́n ń ké, wọ́n ń jà sí igun, atẹ́gùn ìyẹ́ wọn ń fẹ́ ìborùn obìnrin náà sí i lójú, ó sì jẹ́ kí ó máa fẹ́ ẹ.

"Ìyá Hafizah," ọkùnrin náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ìgbẹ́ dé e ní ìgúnpá, ó tún kán sí i lórí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Obìnrin náà na imú sí ògiri, ó fà á símú gidi, bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò.

"Ó ń rùn dáadáa," ó wí.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń yin Syahrian Adiwangsa, kò sí ìyìn kan tí ó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ rí.